Ta Ló Jẹ Ọmọ Àlejò ní Gbèsè Etí?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Àwọn kan láàrin àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aláàánú ń wí káàkiri pé orin ráàpù, pẹ̀lú gbogbo àṣà hip-hop tó rọ̀ mọ́ ọn, ijó rẹ̀, àwòrán ara ògiri rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ irinṣẹ́ tí a lè fi kọ́ ọmọ tó ṣí wá sí ìlú onílùú ní ẹ̀kọ́, kí òun náà lè máa gbé orí sókè láàrin ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n yé tan ara wọn jẹ, wọ́n ní igbó mímu àti ìsọkúsọ nìkan ni ráàpù ń kọ́ ọmọ. N kò wá la ìjà yìí. Ìbéèrè tèmi ń bẹ lẹ́yìn tiwọn: bí àgbàlagbà bá gbé máìkì lé ọmọ àlejò lọ́wọ́, tó ní kó máa sọ̀rọ̀, ṣé onítọ̀hún ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè etí? Àbí a kàn ń yá ẹnu ọmọ náà lò, kó lè fi ohùn dídùn bá wa wí ohun tí àwa ti wí tẹ́lẹ̀?

Ẹni tí kò bá mọ Alábà Rago, kó wọkọ̀ ní Mile 2, kó sọ fún kọ̀ndọ́ pé ọ̀nà Ìyànà Ìbà lòun ń lọ. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́, kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, òórùn ẹran ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Rago lédè Hausa ni àgbò lédè tiwa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ra ẹran Iléyá. Kì í ṣe ibẹ̀ ni Alábà International o, níbi tí àwọn Ìgbò ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Ọjà méjèèjì múlé gbe ara wọn, wọ́n sì jọ ń jẹ́ Alábà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Láyé ìgbà tí CD ṣì ń jẹ lọ́jà, àwọn oníṣòwò Alábà International ló gbé ráàpù ọmọ Nàìjíríà dé ìgbèríko tí olórin kankan kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. Ibẹ̀ kan náà ni àwọn olórin ń ṣépè lé lórí pé wọ́n ń tẹ iṣẹ́ àwọn ní àtẹ̀jí. Ẹ rí i pé àdúgbò yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ orin.

Láti Kánò, Kàtsínà, Sókótó àti Zamfara ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà ní Rago ti wá. Àwọn mìíràn ti orílẹ̀-èdè Niger wá, wọn ò sì rí bodè tó wà láàrin bí ohun bàbàrà, nítorí èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níhà ìhín àti níhà ọ̀hún. Àwọn ló ń gé èékánná, tí ń tún bàtà ṣe, tí ń ṣa irin àlòkù, tí ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri Ọjọ́, Ìbà àti Okokomaiko.

Ẹnìkan lè sọ pé: ṣé ọmọ Nàìjíríà náà ni àlejò ní Nàìjíríà? Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999, abala 41, sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibikíbi tó bá wù ú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kọ́ ló ń pe ènìyàn ní àlejò, ẹnu aládùúgbò ni. Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáńà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àìmọye ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òfà tí wọ́n bí sí Kumasi, tí ń fi èdè Twi ná ọjà bí ẹni mumi, di èrò ọ̀nà. Títí di òní, ẹ lè rí àgbàlagbà kan nínú wọn tí yóò sọ fún yín pé ohun tó dun òun jù kì í ṣe ẹrù tó sọnù, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tó bi òun léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó ní kí òun máa lọ.

Mo lọ ṣe ìròyìn lórí owó àgbò ní Rago ni mo ṣe alábàápàdé ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó jókòó sórí ọmọlanke rẹ̀ láàrin kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ó so sípíkà kékeré mọ́ ọwọ́ ọmọlanke náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yí i ká. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kàkàkí àti gòjé nìkan ni ọmọ Hausa ń gbọ́, ẹ lọ tẹ́tí sí fóònù wọn. ClassiQ ti Bauchi ń bẹ níbẹ̀, DJ Ab ti Kaduna ń bẹ níbẹ̀, ráàpù pọ́ńbélé lédè Hausa ni wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí, tirẹ̀ ni. Hausa ló fi bẹ̀rẹ̀, ó fi gẹ̀ẹ́sì ojú títì lọ́ ọ, ó sì ń ju Yorùbá sí i bí ẹni ń ju iyọ̀ sọ́bẹ̀. Hausa tèmi kò ju èyí tí oníròyìn fi ń ná ọjà lọ, nítorí náà mo bẹ ọ̀kan nínú wọn kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ orin náà lé: àbókí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń pè é. Bí a bá fẹ́ ra sùyà, àbókí. Bí onítọ̀hún bá fi ọmọlanke dínà fún wa, àbókí, pẹ̀lú èébú nídìí rẹ̀. Lédè Hausa, ọ̀rẹ́ ni àbókí. Ọmọ yìí wá ní òun ni ẹni tó ní ọ̀rẹ́ jù lọ ní Èkó, nítorí láti ìdájí títí di alẹ́, kò sí ojúlé tí wọn kì í ti pe òun ní ọ̀rẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà tó mọ orúkọ òun. Ó ní òun mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ nítorí omi tí wọ́n rà, òun mọ ilé tí owó ti tán nítorí omi tí wọn kò rà mọ́. Gbogbo ilé lòun mọ láti ẹ̀yìnkùlé. Iwájú ilé kan ṣoṣo, òun kò mọ̀ ọ́n.

N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí a ń ṣe sí ara wa ní àdúgbò yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìròyìn fún ọdún méjìlélógún.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, níbo lọmọ yìí ti kọ́ ọ? Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ lọ́nà Okokomaiko. Yorùbá ni, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó ní òun kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ráàpù, òun gan-an kò mọ̀ ọ́n kọ, orin Ebenezer Obey lòun fẹ́ràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ Rago mélòó kan ń wá dúró lójú fèrèsé òun, òun sì ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n máa kọ orin wọn sílẹ̀ kí òun lè fi kọ́ wọn ní A, B, D. Ọmọ tí mo ń wí yìí ní òun ti kọ tòun sílẹ̀. Ó fa bébà kan yọ lápò, ìkọ̀wé Lárúbáwá ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé tírà ni,” ni obìnrin náà wí fún mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Mo tiẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀.”

Kì í ṣe tírà o. Àjàmí ni: èdè Hausa tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Àwọn àáfà Ìlọrin náà ti fi irú rẹ̀ kọ Yorùbá láyé àtijọ́. Ọmọ tí gbogbo wa ń pè ní aláìmọ̀wé yìí ti lo ọdún púpọ̀ nílé kéú, ó ti fi wàláà kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, ó ti há ohun tó gùn ju ìwé kíkà oníwèé mẹ́fà lọ sórí. Bí ó bá wá sí ilé ìwé wa, kíláàsì kìíní ni a óò fi í sí, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, nítorí a kò ní ìdánwò tó lè rí ohun tó mọ̀. Ráàpù ló rí i. Orin tí ọmọ náà ò fẹ́ gbàgbé ló mú kí ó fa bébà yọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tí ń yin ráàpù bí ohun èlò ẹ̀kọ́ kì í sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń wọlé gan-an. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì náà lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ráàpù kan a sábà máa jẹ́ ìlà 16, lílù 4 sì ń bẹ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ ẹsẹ̀ kan ní láti kún lílù 64, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Mo rí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ń fi ìka ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó rí i pé ìlà kejìlá gùn jù, tó wá ń wá ọ̀rọ̀ kúkúrú tó túmọ̀ sí ohun kan náà. Ẹ bi olùkọ́ èdè yòówù kí ó jẹ́ léèrè bóyá ìdárayá tó ju èyí lọ wà fún ẹni tí ń kọ́ èdè.

Ti ohùn ọ̀rọ̀ wá pa mí lẹ́rìn-ín. Hausa náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohùn àárín bíi tiwa. Àárín yìí sì ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ti ń yẹ̀. Igba ni a fi ń ka nǹkan, igbá la fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà sì ni akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọkùnrin wa fẹ́ kọ ọ́ lórin pé ìgbà tí òun dé Èkó, igbá ló dé Èkó. Ilé dà rú! Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló ní “o ṣì í,” bóyá yóò ti bínú lọ sídìí ọmọlanke rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọrin fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Olùkọ́ ní kó kọ́kọ́ fi imú kùn ún bí onígángan ṣe ń fi ìlù sọ̀rọ̀, kó tó fi ẹnu wí i. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ìgbà dé Èkó.

Ṣé àlá lásán ni pé kí orin àlejò di ọ̀nà sí ilé ìwé? Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí hip-hop gan-an ti ṣẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní yàrá ìṣeré ilé alájùmọ̀gbé kan, nọ́ńbà 1520, Sedgwick Avenue, ní Bronx, New York, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe pátí. Ó gba sẹ́ǹtì 25 lọ́wọ́ obìnrin, ó gba 50 lọ́wọ́ ọkùnrin. Ẹ mọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe? Aṣọ tí yóò wọ̀ padà sí ilé ìwé lẹ́yìn ọlidé ló fẹ́ rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Clive, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ló ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù dárà lọ́jọ́ náà. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí DJ Kool Herc. Jamaica ni wọ́n ti wá, ọdún 1967 sì ni Clive dé Bronx. Ibi pátí àwọn ọmọ àlejò yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń ka ọjọ́ orí hip-hop. Mo máa ń rántí aṣọ ilé ìwé yẹn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá ní ráàpù àti ìwé kò lè jọ gbé.

Nílẹ̀ wa níbí, nígbà tí The Remedies gbé “Sakomo” jáde, a ṣì wà nílé ìwé gíga sẹ́kọ́ńdírì. Tíṣà tó bá bá ọ̀rọ̀ orin náà nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ẹgba ni. Lẹ́yìn náà ni Lord of Ajasa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Yorùbá ṣe é, tí àwọn ọ̀làjú ń yọ ṣùtì ètè sí wọn pé ráàpù ọmọ ìta ni. Ní 2009, Dagrin gbé àwo C.E.O. jáde, Yorùbá tó ki lójú títì ló fi kọ ọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè sì yíjú sí i. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ń sọ pé ráàpù kò ṣeé fi Yorùbá kọ mọ́. Ó ti di tiwa.

Ẹ wá gbọ́ o, ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọmọ wa bá wà lókè òkun, ẹ̀gbẹ́ ta la máa ń wà? Joseph Adénúgà tí wọ́n ń pè ní Skepta, Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti dàgbà. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Mercury ní 2016, a jó. Ní 2018 wọ́n fi í joyè Àmúlùdùn ní Odò-Ajé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Simbiatu Àjìkàwọ́, Little Simz, ọmọ Islington, gba Mercury tirẹ̀ ní 2022, a tún jó. Ọmọbìnrin yìí ti ń lọ sí ilé ìgbafẹ́ ọ̀dọ́ ti St Mary's ní Islington láti kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní àyè láti jó, láti ṣeré orí ìtàgé, láti kọ ráàpù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ni yàrá, àwọn ló ń san owó iná. Kò sí ẹni tó ní kí ó kọ́kọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó dára fún ọmọ Yorùbá ní Islington, kí ló dé tó fi di ìwà jàǹdùkú bí ọmọ Kàtsínà bá ń ṣe é ní Ọjọ́? Ọmọ tiwa a di Àmúlùdùn, ọmọ ẹlòmíràn a di adàlúrú. N kò rí bí a ṣe lè fi ẹnu kan sọ méjèèjì.

Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ti mọ ọgbọ́n kan sí i. Ní 1952 ni àwọn Faransé dá Pikine sílẹ̀ lẹ́yìn Dakar, láti kó àwọn tí wọ́n lé kúrò láàrin ìlú sí. Ní 2006, olórin ráàpù kan, Babacar Niang, Matador, dá ẹgbẹ́ Africulturban sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, iṣẹ́ fídíò, bí a ti ń ṣètò òde orin. Iṣẹ́ tí ọmọ lè fi jẹun lọ́la ni, bí ohùn rẹ̀ kò bá tilẹ̀ dùn tó láti jẹ́ olórin. Ní Ìkòròdú tiwa náà, Ṣèyí Olúyọ̀lé ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ijó hip-hop lábẹ́ Dream Catchers. Ọmọ tó bá fẹ́ bá wọn jó gbọ́dọ̀ máa lọ sílé ìwé. Èyí yé mi.

Èyí tí kò yé mi ni ti àwọn tó wá sí Rago lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gbé bánà wá, wọ́n pín fìlà àti ẹ̀wù pélébé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ ráàpù nípa ìmọ́tótó, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àwọn ọmọ tí ń ta omi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o! Wọ́n kọ ọ́, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n gba ẹ̀wù, ó parí síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ró ọ̀dọ́ lágbára. Agbára wo? Ẹni tó fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, tó fún un ní máìkì tí yóò fi sọ ọ́, tí kò sì dúró gbọ́ èyí tí ọmọ náà ní nínú, alágbàsọ ló gbà. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó dára. Kí wọ́n fi rédíò ṣe é.

Ẹ má rò pé mo ti di agbódegbà àwọn olórin. Ọ̀pọ̀ ráàpù ló wà tí n kò ní fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́. Wọ́n ń fi obìnrin wọ́lẹ̀, wọ́n ń yin oníjìbìtì bí ẹni ń yin akọni. Bàbá kan ní Ìbà sọ fún mi pé bí a bá ṣílẹ̀kùn fún ráàpù nílé ẹ̀kọ́, gbogbo èyí ni yóò bá a wọlé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n orin Òkèbàdàn tí wọ́n ń kọ ní gbangba lọ́dọọdún ńkọ́? Ẹ̀fẹ̀ alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́, tí kò mojú ọba? Kò sí orin aráyé tó ní ẹnu tó le tí kì í bu ẹnìkan. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Wọn kò lé orin náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láti dá a lóhùn ni. Nídìí ìjálá, bí ọ̀kan bá kọrin tó ṣi ìtàn sọ, ẹlòmíràn lè já a níbẹ̀, ẹni náà yóò sì wí tẹnu rẹ̀.

Ohun tí mo ń pè ní gbèsè etí nìyẹn. Kì í ṣe àtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ kò nira, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀bọ náà. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kó jà á níyàn. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin wa kọ orin rẹ̀ ní kíláàsì, tó dé ibi tó ti ní kò sí Yorùbá kankan tó mọ orúkọ òun, olùkọ́ dá a dúró. “Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò mọ orúkọ rẹ ni?” Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin nìkan ni.” Olùkọ́ ní, “Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Má purọ́ mọ́ mi nínú orin.” Ìlà náà wá gùn jù fún lílù mẹ́rin, ó gbà á ní ọjọ́ méjì kó tó tún un ṣe. Ní báyìí, orin náà sọ pé ẹnìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tún dun ènìyàn jù ú lọ.

Ìdí tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí nǹkan ńlá ni pé a ti rí ibi tí àìgbọ́ra-ẹni-yé máa ń já sí. Ṣàgámù, oṣù keje 1999. Ìdí-Àràbà, oṣù kejì 2002. Ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, oṣù kejì 2021, níbi tí àwọn oníròyìn ti sọ pé aáwọ̀ tó wáyé nítorí tòmátì tó dànù láti ọwọ́ alábárù kan ló di ohun tí ẹ̀mí bá lọ. Yorùbá kú, Hausa kú. N kò sọ pé ráàpù ìbá dá a dúró. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ ṣòro díẹ̀ láti sọ òkò lù ju ẹni tí à ń pè ní àbókí lọ.

Ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ṣì ń gbé kiri. Ó gbọ́ pé oníròyìn ni mí. Ó ní, “Ọ̀gá, àwọn èèyàn sọ pé kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá kí ẹ lè gbọ́. Mo ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa kọ́ Hausa?” Ìgbà, ó pè é dáadáa. Mo ní yóò tó ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní kò burú, pé òun náà lo ọdún méjì.

Kíláàsì obìnrin yìí kò ju yàrá kan lọ, àwọn ọmọ méjìdínlógójì ló ń fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀. Onílé ti ní kó wá ibòmíràn lọ nítorí ariwo, mi ò sì bá onílé wí, ẹni tó bá gbé ẹ̀gbẹ́ wọn ni yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwé ìjọba kò wọ́n ní Ọjọ́, ní Ìbà, ní Okokomaiko. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ, yàrá wọn a máa ṣófo, a sì máa wà ní títì títí di òwúrọ̀. Ó ti kọ̀wé béèrè yàrá kan ṣoṣo, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé kó ṣàlàyé irú ẹ̀kọ́ tí yóò máa wáyé níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni kí òun kọ. Mo ní kó kọ ọ́ pé èdè Yorùbá, ìṣirò, àti kíkọ ìwé. Ó ní kí ló dé tí òun kò ní kọ ráàpù sí i. A ṣì ń jiyàn lé e lórí.